Ta ló jogún ọ̀nà tíráàmù Èkó? Láti Ìdó dé Marina, láti 1902 títí di òní

Ọmọ Èbúté Èrò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Láti ìgbà tí Blue Line, ọkọ̀ ojú irin ìlú Èkó, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ọkọ̀ ojú irin kò wọ Erékùṣù Èkó rí, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1902, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Afárá Carter, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń ti Ìdó gba orí afárá náà wọ Èkó, ooru omi ló ń tì í, ó sì ń lọ títí dé Marina. Tíráàmù ni wọ́n ń pè é. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1933.

Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni pé kí ló dé tí wọ́n fi pa á? Nígbà tó sì lọ tán, ta ló gba ọ̀nà rẹ̀? Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ni, àmọ́ bọ́ọ̀sì ta ni? Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ má wulẹ̀ kà á kí ẹ kọjá.

Ọmọ Lóko

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Rélùwéè ni bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí irin kí á tó dé orí táyà.

Òyìnbó ò kọ́ tíráàmù nítorí èrò. Ẹrù ló kọ́ ọ fún. Nígbà tí wọ́n la ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, Ìdó ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ìdó nìyẹn, kì í ṣe Èkó gan-an. Marina ni àwọn oníṣòwò kọ́ ilé ìtajà wọn sí, ibẹ̀ ni kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ omi ń já ẹrù sí. Omi ọ̀sà sì wà láàárín méjèèjì. Ekuro, epo pupa àti òwú tó ti òkè bọ̀ yóò dé Ìdó, yóò wá dúró bí ẹni tí kò mọ̀nà mọ́. Tíráàmù ni wọ́n fi so ó pọ̀.

Ibi tó wá burú sí nìyí. Ojú irin rélùwéè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, ti tíráàmù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Ọkọ̀ ti ibí kò lè gun irin ti ọ̀hún. Gbogbo ẹrù tó bá dé Ìdó ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún un dì sórí ọkọ̀ kékeré, kí wọ́n sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ ní Marina. Ẹ ṣírò owó alábàárù níbẹ̀. Ẹ ṣírò ohun tó ń dà nù lójú ọ̀nà àti èyí tí ọwọ́ ń fà yọ.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí èbúté Àpápá ní 1926, rélùwéè ńlá fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọkọ̀ òkun létí omi. Wágùnnù tó di ẹrù ní Kánò lè dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú okùn rẹ̀. Kí ni ẹlẹ́rù tún ń wá lórí Afárá Carter? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ka tíráàmù sí òkú. Ọdún méje tó kù, ó kàn ń mí ni.

Ṣọlá_Yaba

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ti fò apá kan o. Tíráàmù agbépòó ńkọ́? 😂

Ọmọ Lóko

Ọmọ yìí, o ò ní jẹ́ kí á jẹun. Òótọ́ ni. Láti nǹkan bí 1907, irin tíráàmù mìíràn wà lórí erékùṣù tó jẹ́ pé ìgbẹ́ ló ń kó. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìdí wà fún un. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kò ga ju omi lọ púpọ̀. Bí o bá gbẹ́ ihò díẹ̀, omi ti yọ sí ọ lẹ́sẹ̀, kànga tí wọ́n ń mu sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣáláńgá jíjìn kò ṣe é gbẹ́. Garawa ni wọ́n ń lò, àwọn agbépòó á wá kó o lóru, tíráàmù á gbé e lọ dà sínú ọ̀sà. Ìlú tó ń kún síwájú sí i, tí ajàkálẹ̀ àrùn sì ń dà láàmú, ohun tó gbọ́n jù tí wọ́n fi irin ṣe nígbà náà nìyẹn lójú tèmi. Ó ṣe ará ìlú láǹfààní ju èyí tó ń kó ekuro lọ.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ ti gbé ẹrù tán, ẹ ti gbé ìgbẹ́ tán. Ó kù kí á gbé èrò.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀sì kó èrò Èkó ní ìwọ̀n tó ṣe é pè ní ilé iṣẹ́ ńlá ni àwọn Gíríìkì kan, Zarpas. Ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó náà ní bọ́ọ̀sì tiwọn lẹ́yìn ìgbà náà, àmọ́ kò sí èyí tó tó ti Zarpas. Ìyá mi kì í sọ pé òun fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. «Mo fẹ́ lọ wọ Zarpas» ló máa ń sọ, kódà nígbà tí orúkọ náà ti parẹ́ lára ọkọ̀ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á rò pé bọ́ọ̀sì kàn pọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n kó ènìyàn lọ ni bọ́ọ̀sì ń lọ. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bubonic plague wọ Èkó ní 1924, wọ́n sì dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Àjọ yìí ló la Yaba. Ní 1955 ni wọ́n wá mú nǹkan bí éékà 70 láàárín Èkó pé àwọn fẹ́ wó o, kí wọ́n tún un kọ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè.

Ẹ rò ó wò ná. Ìyá alátẹ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé rẹ̀ ló ń sùn, iwájú ilé rẹ̀ ló ń tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ ojú rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ojúlé kejì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé tuntun tó ní omi ẹ̀rọ ní Sùúrùlérè. Ó dára. Àmọ́ ọjà ṣì wà ní Èkó, ẹbí ṣì wà ní Èkó, gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ náà wà ní Èkó. Láti ọjọ́ yẹn lọ, owó bọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ yọ kúrò nínú èrè kí ó tó ra ohunkóhun. Àwọn kan jáwọ́ nínú òwò pátápátá nítorí owó ọkọ̀ yìí. Sùúrùlérè sí Èkó ni ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó lágbára jù tí ìjọba dá sílẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni àwọn ń dá sílẹ̀.

Awòye_Èkó

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n. Zarpas ló pa tíráàmù. 1929 ó dé, 1933 tíráàmù kú. Kí ló tún kù?

Ọmọ Lóko

Àbúrò, ẹni tó dé ilé aláìsàn lálẹ́ ọjọ́ tó kú kọ́ ló pa á. Ẹ tún wo 1926 tí mo kọ sókè. Ẹrù ti lọ sí Àpápá kí Zarpas tó ra bọ́ọ̀sì kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Afárá Carter ti gbó, wọ́n sì ń tún un kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Tí o bá ń kọ́ afárá tuntun, tí mọ́tò sì ń pọ̀ sí i, ṣé wàá tún fi irin sí i fún ọkọ̀ tí kò rí ẹrù gbé mọ́?

Awòye_Èkó

Mo gbọ́ ti ẹrù. Èrò ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ń ti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Èkó, tí bọ́ọ̀sì lè já a sí ẹnu ọ̀nà ọjà, tí kò ní dúró de irin, ṣé yóò tún máa wá tíráàmù? Mọ́tò ti wà nílùú kí Zarpas tó dé pàápàá. Orúkọ Zarpas lẹ lè yọ kúrò, ẹ ò lè yọ mọ́tò kúrò.

Ọmọ Èbúté Èrò

Ní tèmi o, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀. Àpápá gba ẹrù, mọ́tò gba èrò, afárá tuntun sì gba àyè. Ohun tí mo ṣì fẹ́ gbọ́ ni ti 1958, ọdún tí bọ́ọ̀sì Zarpas di ti ìlú.

Ìyá Àdùkẹ́

1958 ni ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra Zarpas tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di Lagos Municipal Transport Service. Bọ́ọ̀sì ìjọba ìlú nìyẹn. Ọdún méjì ló kù kí á gba òmìnira, kò sì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ìdí tí àjèjì yóò fi máa pinnu ìgbà tí ará Èkó yóò dé ibi iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa tó wá sọ pé ìjọba kò yẹ kó ṣòwò. Mi ò gbà. Ohun tó bá bọ́ọ̀sì náà jà ju òwò lọ. Ní 1952, àwọn tó wà ní Èkó tó nǹkan bí 270,000. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 1963, wọ́n ti lé ní 665,000. Ìyẹn láàárín ààlà ìlú nìkan o, ẹ ò tíì ka Muṣin àti Agége mọ́ ọn, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó láràárọ̀. Ta ló lè ra bọ́ọ̀sì tó bẹ́ẹ̀?

Awòye_Èkó

Èmi ni ẹnìkan tẹ́ ẹ ń retí, mà 😀. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ ìlú, owó rẹ̀ kò ṣe é fi kún nítorí ìbò. Ọ̀nà tí èrò kò pọ̀ sí, wọn ò lè pa á nítorí pé ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ń gbé ibẹ̀. Tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan bá bàjẹ́, fọ́ọ̀mù ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ. Oníṣòwò tó ní mọ́tò tirẹ̀ á ti lọ ra ẹ̀yà náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ á ti padà sójú ọ̀nà ní ọ̀sán. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó di ti ìlú ńlá, nígbà tó yá ìjọba ìpínlẹ̀ tún dá tirẹ̀ sílẹ̀, LSTC. Orúkọ ń yí, èrò ń dúró ní bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù.

Ṣọlá_Yaba

Ẹ dákun, kí ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ nígbà náà tí bọ́ọ̀sì ìjọba kò bá wá?

Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀rí

Èmi ni kí ẹ bi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ sọ tán.

Bọ́lẹ̀kájà ló kọ́kọ́ wà: lọ́rì Bedford tàbí Austin tí wọ́n fi pákó kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ǹṣì nínú, èrò kọjú síra wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wọlé. Dánfó tẹ̀lé e, Volkswagen ni, ó kéré, ó ń sáré, ó lè gba kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà. Mólùè wá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 tí wọ́n ra ní orí àti ẹsẹ̀ nìkan, tí àwọn wẹ́dà wa níbí fi irin àti páànù kọ́ ara fún. Kò sí ilé iṣẹ́ òyìnbó tó kọ́ mólùè. Ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ló kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ṣísẹ̀lì àti iná kékeré fi lè tún ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ìjọba ló yan ọ̀nà fún dánfó, irọ́ ló ń pa. Bí ọ̀nà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n á kọ́ ilé sí ibì kan. Dírẹ́bà kan tó ń gbé ibẹ̀ á máa gbé aládùúgbò rẹ̀ jáde láàárọ̀ kùtù kí mọ́tò rẹ̀ má baà lọ lófìfo. Àwọn mìíràn á rí i pé ó ń kún. Tó bá yá, wọ́n á to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, ẹnìkan á gbé bẹ́ǹṣì sí abẹ́ igi, obìnrin kan á wá máa ta mọ́ínmọ́ín níbẹ̀. Gáréèjì ti dé nìyẹn. Ẹgbẹ́ onímọ́tò á wá, wọ́n á gbé tíkẹ́ẹ̀tì wá. Ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bá dé ni ọ̀nà náà ti di ọ̀nà.

Bó sì ṣe ń yí padà láàárín ọjọ́ kan náà, ẹ gbọ́ ọ. Òṣòdì sí CMS ní Marina, ọ̀nà kan ni ní ọ̀sán gangan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí èrò ti kún ojú títì bí eéṣú, dírẹ́bà á gé e. Òjúẹlẹ́gba nìkan ló máa pè. Tó bá dé Òjúẹlẹ́gba, gbogbo yín á bọ́ sílẹ̀, á tún yí ohùn padà, á máa pe Òṣòdì. Owó ọ̀nà kan ti di méjì. Èrò á bú u, wọ́n á tún wọ̀ ọ́. Kò sí máàpù kankan tí ẹ lè ya tó máa gba ìyẹn sínú. Mo ṣe é, mi ò ní purọ́ fún yín, owó ọjọ́ ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Ṣọlá_Yaba

Bàbá kọ́ńdọ́, ẹ̀yin lẹ jẹ mí ní ṣéǹjì o, mo ti ń wá yín 😂😂

Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀rí

Mo so yín pọ̀ mọ́ ẹnìkejì, ẹ lọ bá a kí ẹ pín in.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí á pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí àwọn ọmọdé tí kò mọ̀: títí di 1972, ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ni a yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó wà nílùú, apá òsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Láàárín òru kan, ilẹ̀kùn yẹn kọjú sí àárín títì. Ṣé èrò á máa bọ́ sáàárín mọ́tò ni? Gẹ́ẹ́gẹ́ ni wọ́n ní láti gé ara ọkọ̀, kí wọ́n dí ọ̀kan kí wọ́n lu ìkejì. Àwọn bọ́ọ̀sì tó ti gbó ò sì yẹ fún ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi wé mólùè tí wẹ́dà lè lu ilẹ̀kùn sí níbi tó bá wù ú.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, 1977, wọ́n tún gbé òfin nọ́ńbà dé: mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ oní-mẹ́jì ní ọjọ́ tirẹ̀, oní-ẹyọ ní ọjọ́ tirẹ̀. Olówó ra mọ́tò kejì. Ẹni tí kò lówó wọ mólùè.

Awòye_Èkó

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ ti Metroline. Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, ló rí i tẹ́lẹ̀. Ó fi ọkọ̀ ojú omi Baba Kekere àti Itafaji sórí ọ̀sà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin ìlú ní 1983 pẹ̀lú àwọn ará Faransé. Àwọn ológun dé ní ìparí ọdún yẹn, nígbà tó fi máa di 1985 wọ́n ti fagi lé e. Ohun tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ni wọ́n sọ pé ó bá a lọ. A san owó, a ò gun ọkọ̀.

Ọmọ Lóko

Ìyẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Wọ́n ní owó kò sí. Owó tí wọ́n fi san ìtanràn ńkọ́, ibo ló ti wá?

Alákòóso

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ti ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Mo ti yọ èsì mẹ́ta kúrò tó jẹ́ èébú lásán. Ọ̀nà ọkọ̀ là ń sọ.

Ṣọlá_Yaba

Afárá ló ń pín ọ̀nà ní Èkó, ìyẹn ni mo rí kà nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Nígbà tí Carter nìkan ló wà, gbogbo ọ̀nà ló ń gba Ìdó. Wọ́n kọ́ Afárá Èkó láàárín 1965 sí 1975, ọkọ̀ Sùúrùlérè àti Ìkòròdú Road sì rí ibòmíràn gbà wọ Marina. Third Mainland parí ní 1990, kìlómítà 11.8, láti Òwòròǹṣòkí títí dé Adéníji Adélé. Ọkọ̀ tó ti Ọjọ́ta tàbí Òṣòdì lè dé Ọbaléndé láìfojú kan Yaba tàbí Ìdó. Láti ìgbà yẹn ni Ọbaléndé ti di ibi tí gbogbo ayé ń lọ. Ìdúmọ̀tà tó jẹ́ olórí tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀nà ọlọ́jà.

Nígbà tí LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò ní Èkó, sì bẹ̀rẹ̀ BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2008, Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22, Afárá Èkó ló gbà. Wọn ò la ọ̀nà tuntun. Ọ̀nà tí mólùè ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá ni, wọ́n kàn gé apá kan títì fún un ni. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ lójú tèmi ni pé àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ náà ni wọ́n gbà wọlé láti wà á. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ogun ni ì bá dá sílẹ̀. Wọ́n fà á dé Ìkòròdú ní 2015, ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá sì tẹ̀lé e ní 2020.

Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀rí

Àbúrò, o kà á dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ Muṣin kò rí BRT nílé, dánfó ló máa gbé e débẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa lé dánfó kúrò nílùú. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀ yìí lójú fèrèsé mi.

Ọmọ Èbúté Èrò

Ẹ ṣeun gan-an. Nígbà tí mo to gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí máàpù, nǹkan kan hàn sí mi tí mo fẹ́ kí Ọmọ Lóko yẹ̀ wò.

Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Agbádó ló ti ń bọ̀, ó gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin, Yaba, ó wá dúró sí Òyìngbò. Ẹ tún wo ibi tí Òyìngbò wà. Etí Ìdó ni. Kìlómítà 27 ni ọkọ̀ ojú irin rìn, ó dé etí omi, ó dúró. Ẹni tó ń lọ sí Èkó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kó wá ohun mìíràn tí yóò gbé e kọjá Carter. Àbí ìyẹn kọ́ ni ìṣòro tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ tíráàmù ní 1902?

Ọmọ Lóko

Ó jọ ọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Nígbà yẹn, irin méjì tí kò bára mu ló fà á. Lónìí, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n pè é: nínú ètò Red Line, Marina ló yẹ kó parí sí, níbi tí yóò ti pàdé Blue Line. Blue Line ní tirẹ̀ ti kọjá omi ná, láti Mile 2, ó gba Iganmu àti National Theatre, ó wọ Marina. Kìlómítà 13. Iná mànàmáná ló ń lò. Ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ẹ wá fọkàn yín ṣírò ìgbà tí ti Òyìngbò sí Marina máa parí.

Awòye_Èkó

Tó bá tiẹ̀ parí. Mo fẹ́ fi kún un pé ní 1902, ẹni tó ni rélùwéè náà ló ni tíráàmù. Ìjọba kan náà ni. Lónìí, ẹni tó bọ́ ní Òyìngbò ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ LAMATA sọ́wọ́ dánfó tí LAMATA kò ní. Àkókò tí ọkọ̀ ojú irin dé kò kan dánfó. Ó máa dúró títí á fi kún.

Ìyá Àdùkẹ́

Ó ń dúró dè ọ́, ìwọ náà lò ń bá a wí. 😄 Wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Òyìngbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, bọ́ọ̀sì ìjọba wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjù

Ẹ kú àpérò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ yín ni. Ìjù ni mò ń gbé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ní Broad Street. Red Line ni mo fẹ́ máa wọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n bọ́ ní Yaba ni, tàbí kí n gùn ún dé Òyìngbò?

Ṣọlá_Yaba

Yaba. Wọ dánfó tó ń lọ sí CMS tàbí Ọbaléndé, á gba Adékúnlé gun Third Mainland. Ó yá.

Ìyá Àdùkẹ́

Ó yá tí Third Mainland bá ń rìn. Ọjọ́ tí kò bá rìn, orí afárá lo máa jẹun ọ̀sán. Ọmọ mi, lọ dé Òyìngbò.

Kọ́ńdọ́ Tẹ́lẹ̀rí

Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ó kù sọ́wọ́ aago tó o bá jáde. Tó o bá wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́, Yaba dára, afárá ò tíì kún. Tó o bá pẹ́, Òyìngbò ni kó o lọ. Ọkọ̀ Ìdúmọ̀tà tètè ń kún níbẹ̀ nítorí àwọn ọlọ́jà, Carter sì kúrú, tí gòsìlóò bá tiẹ̀ wà, kò lè pẹ́ bíi ti ọ̀hún. Bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, fi ẹsẹ̀ rìn dé Broad Street, kò jìnnà. Má jẹ́ kí kọ́ńdọ́ kankan sọ fún ọ pé òun máa já ọ síwájú ibi iṣẹ́ rẹ, kò ní débẹ̀. Kí o sì mú ṣéǹjì dání.